Kẹ̀kẹ́ Òkè Aláǹgbá

Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ náà ń gbà. Ẹnì kan yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò jókòó lé e tán pátápátá, yóò sì fi ìgúnpá ti ara ògiri kí ó má baà ṣubú. Ẹnì kejì yóò lóṣòó síwájú rẹ̀, yóò máa wo òrùka rọ́bà kékeré kan tó wà lára irin iwájú. Bí ẹni tó jókòó bá ṣe wúwo tó ni òrùka náà yóò ṣe sún tó, ibi tó bá sì sún dé ni a ó fi mọ̀ bóyá sìpíríìnì kẹ̀kẹ́ náà le jù fún un tàbí ó rọ̀ jù.

"Ẹ má mí, Bàbá Jẹ́jẹ́," ni Surajudeen wí láti ìsàlẹ̀.

"Ṣé òkú ni mí ni?"

"Ó dáa, ẹ mí díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń mí bí ẹni tó ń gún iyán, òrùka ò ní dúró síbì kan."

Ayẹni Májẹ́kódùnmí di èémí rẹ̀ mú. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Apẹ̀tẹ̀. Ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣì wà nídìí rẹ̀, ó ki ẹnu ṣòkòtò náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kí ṣéènì má baà fà á ya. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú ọjà nínú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Ring Road, ló jókòó lórí kẹ̀kẹ́ bí ọmọdé tí wọ́n ń wọn aṣọ fún.

"Kò sún rárá," ni Surajudeen wí. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò. "Ìwọ̀n Jẹ́jẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn yìí díẹ̀, ká sì dín afẹ́fẹ́ inú irin iwájú kù."

Ayẹni wo nọ́ọ̀tì náà. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló dè é gbẹ̀yìn.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, bí ẹ bá gùn ún báyìí, yóò máa ta yín nù bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó kọ ẹrù."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀."

Surajudeen fi í sílẹ̀.

Jẹ́jẹ́lọlá ni àkọ́bí Ayẹni, òun sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe ní Bódìjà. Ní Dùgbẹ̀ ló ti rí kẹ̀kẹ́ náà láàárín àwọn ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń já sílẹ̀, ara rẹ̀ ti bó, táyà rẹ̀ kan sì ti ya. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń gùn lọ sóko tàbí sọ́jà. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn òyìnbó ṣe fún àtisọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni: táyà rẹ̀ nípọn, ó ní sìpíríìnì níwájú àti lẹ́yìn, ìjókòó rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń wa á lórí títì yóò dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Òun àti Surajudeen, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé girama, ni wọ́n jọ tún un ṣe. Bíréèkì mọ́tò ni Surajudeen ń ṣe ní Challenge. Ọdún ń gorí ọdún, wọn kò ṣíwọ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ èyí, wọ́n á ní tọ̀hún kò bá a mu mọ́. Bí wọ́n bá dé láti Òkè Aláǹgbá lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní apá Mọ́níyà, eruku á bò wọ́n dé ìpéǹpéjú, wọ́n á tún jókòó tì í, wọ́n á máa jiyàn lórí bí afẹ́fẹ́ táyà ṣe yẹ kó pọ̀ tó.

Àwọn ará àdúgbò a máa fi orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. "Jẹ́jẹ́lọlá tí kì í ṣe jẹ́jẹ́!" Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín. Ayẹni kì í rẹ́rìn-ín. Láti orí àga rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀ ló ti máa ń sọ pé, "Mo rí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ènìyàn lọ síbi iṣẹ́. Mo rí èyí tó ń gbé ẹrù. Èyí tí ènìyàn á kọ́kọ́ tì gòkè kó tó lè gbé e sọ̀kalẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí." Kò bá wọn fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Ní Sátidé kan lásìkò ọyẹ́ ni Surajudeen wọ ilé láìbọ́ bàtà. Jẹ́jẹ́lọlá ti fò kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó fi orí sọlẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti ṣẹ́ nínú akoto tó dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu Ayẹni lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo ti sọ fún un pé eré yẹn pọ̀ jù."

Òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìgbẹ́tì, wọ́n fi òun àti Láwùmí ìyàwó rẹ̀ sínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin ń ṣe. Kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Kò sí ẹni tó pè é ní Bàbá Jẹ́jẹ́ mọ́; Bàbá Ṣùmbọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí Ọláṣùmbọ̀, àbúrò olóògbé, tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń ṣe é, kí orúkọ má baà máa ta sójú ọgbẹ́. Surajudeen nìkan ni kò yí tirẹ̀ padà. Bóyá ó gbàgbé ni, bóyá kò gbàgbé, Ayẹni kò tún un ṣe fún un.

Wọ́n pín aṣọ Jẹ́jẹ́lọlá. Wọ́n pín bàtà rẹ̀. Nígbà tó kan kẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n Ayẹni ní kí wọ́n lọ jù ú sínú ọ̀fìn. "Ohun tó pa ọmọ kì í gbé inú ilé."

"Yóò gbé inú tèmi," ni Ayẹni wí, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ohun tí gbogbo ènìyàn sọ ni pé eré ló pa á. Wọ́n sọ ọ́ nílé, wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí kò mọ ọmọ náà sọ ọ́ nídìí ọ̀kadà. Ayẹni ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí eegun ẹja, nítorí bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ló ń rántí pé ọmọ yìí kan náà ló máa ń yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò kí ó tó jáde, tí á tún padà wá yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ni eré yóò pa lórí òkè tó mọ̀ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀? Ó fẹ́ mọ̀. Kò sí ohun mìíràn tó kù láyé tó fẹ́ mọ̀. Àti pé ẹni tí kò wọ odò rí, kí ni yóò wí nípa bó ṣe jìn? Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Surajudeen wá kọ́ òun ní kẹ̀kẹ́ náà ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi.

Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìgbẹ́tì, ó ti gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì rárá, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń dá a dúró. Ó rò pé kò sí kẹ̀kẹ́ tí òun kò lè gùn. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn, kẹ̀kẹ́ náà ta á nù gẹ́gẹ́ bí Surajudeen ti wí. Ó fi ìgbáròkó gbá ilẹ̀. Ó jókòó sínú eruku fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo táyà ẹ̀yìn tó ń yí nìṣó lójú òfo. Nígbà tó dìde, ó tì í lọ bá Surajudeen.

"Tú u."

Surajudeen mú irin tí wọ́n fi ń tú u. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú Ayẹni, ó tún yí i. Ayẹni gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìgbà tí wọ́n ń tú ẹrù ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì ló rí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún gun kẹ̀kẹ́ náà, ó mì lábẹ́ rẹ̀ wọ̀ọ̀, ó gbà á, kò ta á nù mọ́.

Báyìí ni oṣù ń lọ. Ó mọ̀ pé táyà tó bá le jù a máa fò lórí òkúta, èyí tó bá rọ̀ jù a sì máa bu irin jẹ. Ó mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ènìyàn kì í jókòó. Ó máa ń dìde dúró, á sún ìdí sẹ́yìn, á sì máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ bíréèkì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ ojú oówo. Ó yí ọwọ́ bíréèkì wálẹ̀ nítorí ọrùn ọwọ́ tó ń ro ó. Ohun tó bá yí padà ní ọ̀sẹ̀ yìí, yóò gùn ún wò, yóò tún dá a padà díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Jẹ́jẹ́lọlá ń di tirẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta kò jẹ́ kó gbádùn. "Bàbá Ṣùmbọ̀! Ẹ dúró ká dáwó ra ọ̀kadà fún yín!"

Òmíràn á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń lọ sí Olíńpíìkì ni."

"Bí mo bá dé ibẹ̀, màá bá yín wá iṣẹ́ gidi," ni Ayẹni á dáhùn láìwẹ̀yìn. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Láwùmí kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde ló máa ń ti fèrèsé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ayẹni ń nu ṣéènì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ̀yin náà fẹ́ lọ bá a."

"N kò lọ síbì kankan."

"Kí wá ni ẹ ń wá lórí nǹkan yẹn?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá eré ni."

"Bó bá jẹ́ eré ńkọ́? Bí kò bá jẹ́ eré ńkọ́? Ṣé ó máa jí ni?"

Ayẹni ń nu ṣéènì lọ. Obìnrin náà wọlé.

Bí ọdún kan ikú ọmọ náà ti ń sún mọ́, Pásítọ̀ Dúpẹ́olúwa dá Ayẹni dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ní àyájọ́ àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀, ìjọ sì fẹ́ kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìwàǹwára.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ ìyà rẹ̀, Bàbá. Ẹnu yín ni yóò wọ̀ wọ́n létí. Ẹ sọ fún wọn ohun tí eré ń fà."

"Mo gbọ́," ni Ayẹni wí.

Àsìkò náà gan-an ni bíréèkì iwájú bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, yóò lọ. Bí ó bá fi í sílẹ̀, kò ní tètè padà, táyà yóò máa ha bí ẹni tó ní ikọ́ fée. Surajudeen tẹ̀ ẹ́ wò, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ti gbó. Èmi náà ni mo bù ú, lọ́jọ́ Alàmísì tó ṣáájú Sátidé yẹn. Jẹ́jẹ́ ní kí n jẹ́ kóun wá èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀, mo ní, ọ̀gá, ọ́ìlì bíréèkì ni ọ́ìlì bíréèkì, ṣé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni tá a ní ká yẹ irú rẹ̀ wò?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú. "Èyí tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ni. Mo ń lọ sílé fún Iléyá, bí mo bá dé, màá mú òmíràn bọ̀. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún Ahmed àtàwọn ọmọ yòókù tó máa ń bá wa gun òkè."

"Wọ́n ṣì ń lọ sórí òkè yẹn?"

"Wọ́n ò ṣíwọ́, Bàbá Jẹ́jẹ́."

Iléyá pẹ́ lójú Ayẹni. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí òkè, kò sì fẹ́ kí àyájọ́ àwọn ọ̀dọ́ bá òun láìtíì débẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó di Dùgbẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Islamiat, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré ìdárayá. Islamiat ń jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó tú ọwọ́ bíréèkì, ó fi nǹkan ṣóńṣó kan yọ rọ́bà inú rẹ̀, ó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Rọ́bà náà wú bí ẹ̀wà tó mọ́jú nínú omi.

"Ẹ wò ó. Ta ló bu ọ́ìlì mọ́tò sínú èyí?"

Ayẹni tẹ̀ síwájú wo rọ́bà náà.

"Bíréèkì yìí ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, Bàbá. Ti mọ́tò máa ń ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́. Á wú, á há síbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní mú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á mú, kò ní tú sílẹ̀ mọ́, pàápàá bí nǹkan bá ti gbóná lórí ìsọ̀kalẹ̀. Bó bá tutù, á tún máa lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan." Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Wọ́n rí bíréèkì, wọ́n rò pé mọ́tò ni."

"Bí wọ́n bá bù ú lónìí, ṣé lónìí náà ni?"

"Rárá o. Lónìí, ẹ ó máa yìn ín ni. Ó di ọ̀la, ọ̀tunla." Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Àbí ẹ̀yin lẹ ń gùn ún báyìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yọ yín."

Ayẹni ka ọjọ́ lọ́kàn. Láti Alàmísì sí Sátidé. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ tí ènìyàn kò lè ṣe. Ó ní kí obìnrin náà pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kó sì bu èyí tó tọ́ sí i. Nígbà tó parí, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó lọ, ó sì bọ̀, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

Ó lè padà sílé nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá padà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ etí kò tó o. Ó lọ sí Mọ́níyà.

Òkè Aláǹgbá kì í ṣe òkè ńlá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, èkejì sì jẹ́ ilẹ̀ pupa tí ọ̀gbàrá ti gé bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ ge búrẹ́dì. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà gòkè, ó ń sinmi lábẹ́ igi, ó tún ń tì í. Nígbà tó dé orí rẹ̀, ó dé akoto, ó so ó mọ́ àgbọ̀n, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ burú. Òkúta ń gbá lábẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, sìpíríìnì ń gbà, ó ń dá padà, ojú rẹ̀ ń ṣomi nínú afẹ́fẹ́. Ó rò pé ibí ni. Ó rò pé ibi báyìí ni eré ti ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà là á kọjá, ó yí i ká ibi àpáta, ó sì gbé e jáde sí ojú ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tó tún gòkè díẹ̀, níbi tí kẹ̀kẹ́ ti ń rọ̀ fúnra rẹ̀ títí ènìyàn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ wà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìsọ̀kalẹ̀ kékeré kan tó rọra dà gẹ̀rẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè. Ó kọjá nídìí òkúta funfun kan níbẹ̀, òkìtì kọ́ńkéré tí àwọn obìnrin ń fọ́ sì hàn sí i. Ó dúró.

Obìnrin kan gbé òòlù sílẹ̀. Ràṣídátù lorúkọ rẹ̀. Ó ń wo kẹ̀kẹ́ náà, kì í ṣe Ayẹni ló ń wò.

"Mo mọ kẹ̀kẹ́ yìí," ló wí. "Ta ni yín sí i?"

"Bàbá rẹ̀ ni mí."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí òkúta. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ hàn yín mọ́."

"Níbo ló ṣubú sí?"

Obìnrin náà ṣiyèméjì, nítorí ó mọ ohun tó yẹ kí òbí rí àti ohun tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ló fi àgbọ̀n tọ́ka sí òkúta funfun.

"Ṣé ó ń sáré?"

"Ta ló ní ó ń sáré? Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó tiẹ̀ gbọ́wọ́ kan sókè kí mi, ó ní, 'Màmá, ẹ kú iṣẹ́.' Bó ṣe dá ọwọ́ padà tó fẹ́ di í mú, táyà iwájú kàn dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó dúró gbagidi. Òun ò dúró." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. "Kò sẹ́ni tó bi mí, bàbá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí."

Ayẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé ẹ̀bá títì, kò gùn ún. Ọmọ rẹ̀ kò sáré. Ó ń kí àgbà ni. Ohun kan dìde láyà rẹ̀ tí ìbá jẹ́ ayọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bó ti ń dìde ni ojú Surajudeen yọ sí i, ojú ọmọkùnrin tó wọlé láìbọ́ bàtà, tó ń lóṣòó wo òrùka fún un ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Bí ó bá dákẹ́, eré ni yóò máa jẹ́ orúkọ ikú ọmọ rẹ̀ láéláé. Èyí, ó lè gbé e. Ó ti ń gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ìgò ọ́ìlì kan wà ní Challenge tó ń dúró de bíréèkì Ahmed.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Surajudeen dé. Abọ́ ẹran Iléyá tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ìgò kékeré wà ní èkejì. Láwùmí gba abọ́, ó súre fún un, ó wọlé.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹran yìí, bí eyín yín bá kọ̀ ọ́, ẹ má dá màmá mi lẹ́bi, àgbò náà ló dàgbà jù mí lọ."

"Jókòó."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bu ọ́ìlì yìí."

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Jókòó, Surajudeen."

Ó jókòó sórí àpótí. Ayẹni ti rò ó ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ó ti wá ọ̀rọ̀ tí yóò bo ẹ̀gbẹ́ kan kó sì ṣí èkejì. Kò rí irú rẹ̀.

"Ọ́ìlì mọ́tò kì í ṣe ti bíréèkì kẹ̀kẹ́ yìí. Ó máa ń mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú. Má bù ú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tí o ti bù ú fún, lọ dà á nù fún wọn."

"Ó máa ń wú kẹ̀?" Surajudeen wo ìgò náà. Ẹni tí bíréèkì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ayẹni rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé, bó ti ń rìn káàkiri inú rẹ̀, títí ó fi dé ibi tó ń lọ.

"Bó bá wú," ni Surajudeen wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "kò ní tú sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Alàmísì ni mo bù ú."

Ayẹni sún àga rẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá. Ó ní kí n jẹ́ kóun wá tirẹ̀. Ẹ gbọ́? Ó ní kí n dúró."

"Mo gbọ́."

"Ẹ bú mi."

"N kò ní ìbú kankan."

"Ẹ bá mi wí, ẹ gbá mi, ẹ ṣe nǹkan!"

"O kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ó ti tán."

Surajudeen dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. Lójijì ló pariwo, "Ahmed! Àná ni mo bù ú fún un!" Ó fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ahmed, níbo lo wà? Má gùn ún. Mo ní má gun kẹ̀kẹ́ yẹn! Sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀ báyìí!" Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń lọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, ohùn rẹ̀ ń jìnnà lójú ọ̀nà. Ìgò náà wà nílẹ̀ níbi tó jókòó sí. Fèrèsé tí Láwùmí máa ń tì wà ní ṣíṣí.

Ahmed kò gùn ún. Ìyẹn ni ohun rere kan tó ti inú ọ̀rọ̀ náà jáde.

Lọ́jọ́ àyájọ́ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n pe Ayẹni síwájú ìjọ. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. "Wọ́n ní kí n sọ ohun tí eré ń fà," ló wí. "N kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi kò sáré. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé ó sáré, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Bíréèkì ló há." Ó padà sí ìjókòó rẹ̀. Pásítọ̀ Dúpẹ́olúwa ń wá orin tí yóò dá.

Nílé, Láwùmí kò bi í ta ló ṣe bíréèkì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé abọ́ ẹran Iléyá sórí àga níwájú rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.

"Abọ́ onílé," ló wí. "Ẹ bá mi dá a padà."

Láti ìgbà tí Ayẹni ti fẹ́ ẹ, obìnrin yìí kò dá abọ́ padà lófìfo rí. Bí kò bá rí ohun kan fi sí i, á bu gààrí sí i, á wá iyọ̀. Ayẹni ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó tún dé e.

Ó gbé e lọ sí Challenge. Surajudeen wà lábẹ́ mọ́tò kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Nígbà tó jáde tó rí ẹni tó dúró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì ilẹ̀. Ó ti rù.

"Dìde," ni Ayẹni wí.

Ó dìde. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó gba abọ́ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Abọ́ tó bá ní nǹkan nínú ní bó ṣe ń wúwo; èyí fúyẹ́. Ó dì í mú, ó wo ìdérí rẹ̀, kò ṣí i.

"Ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀," ni Ayẹni wí. "Mo tún ti rù sí i, sìpíríìnì náà ti le jù fún mi. N kò lè jókòó lórí rẹ̀ kí n tún máa wo òrùka. Bí mo bá ti ń sọ̀kalẹ̀ ló ń sún."

Surajudeen tẹ orí ba. Ẹnì kan ń fun fèrè mọ́tò lẹ́yìn wọn pé kí wọ́n kúrò lọ́nà.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Ṣùmbọ̀," ló wí.

Surajudeen kò pè é bẹ́ẹ̀ rí; ó tó ìgbà díẹ̀ kí Ayẹni tó mọ̀ pé òun ni ó ń bá sọ̀rọ̀.